Níbo Ni Kóòdù Náà Ti Ń Ṣiṣẹ́? Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Kíkọ Web Part fún SharePoint

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Adó-Èkìtì àti agbègbè rẹ̀, iṣẹ́ SharePoint, ìyẹn ètò Microsoft tí àwọn ilé-iṣẹ́ fi ń ṣe ojúewé inú ilé tí wọ́n sì ń tọ́jú ìwé àti àkọsílẹ̀ sí, ti bọ́ sí ọ̀pọ̀ wọn lọ́wọ́, yálà nítorí pé ilé-iṣẹ́ tí wọ́n wà ń lo Microsoft 365, tàbí nítorí pé wọ́n ń jókòó sílé gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará Èkó àti òkè òkun. Ìbéèrè wọn yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n bí ẹ bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lé: ibi tí kóòdù ti ń ṣiṣẹ́, àti ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ lórúkọ rẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo ilé-iṣẹ́ kan tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Adó, tí ó ní ẹ̀ka ní Ìkẹ́rẹ́, Ìjerò àti Ọ̀mùò, tí ó sì fẹ́ kí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan máa rí ìbéèrè ìsinmi tí ó kọ, àti ibi tí ọ̀rọ̀ dé lórí rẹ̀, ní ojúewé àkọ́kọ́ tí ó bá ṣí láàárọ̀.

Kí ni web part, kí sì ni ó fà á tí ènìyàn yóò fi kọ tirẹ̀ nígbà tí SharePoint ti ní tirẹ̀ nílẹ̀?

Web part ni ẹ̀yà kan lára ojúewé SharePoint tí ó ní iṣẹ́ tirẹ̀: ọ̀kan ń fi ìròyìn hàn, òmíràn ń fi àwòrán hàn, òmíràn ń fi lísìtì hàn, ìyẹn tábìlì oní ìlà àti òpó tí SharePoint ń tọ́jú àkọsílẹ̀ sí. Ẹni tí ó ń to ojúewé ni ó ń mú wọn, tí ó sì ń gbé wọn sí ibi tí ó wù ú láì kọ kóòdù kankan. Èyí tí a bá fi ọwọ́ ara wa kọ yóò wà láàárín ti Microsoft, ẹni tí ó sì ń to ojúewé lè má mọ ìyàtọ̀.

Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ web part tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń náwó lé lórí ni kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọ rárá. Nínú àpẹẹrẹ wa yìí, bí ìbéèrè ìsinmi bá wà nínú lísìtì kan ṣoṣo, ẹ lè ṣètò ìwò kan (view, ọ̀nà tí lísìtì gbà ń hàn) tí ó ń fi àmì [Me] yọ ìbéèrè ẹni tí ó bá wọlé nìkan, kí ẹ sì gbé web part lísìtì tí ó wà nílẹ̀ sórí ojúewé; iṣẹ́ parí nìyẹn. Ìgbà tí kíkọ tó yẹ ni ìgbà tí ẹ bá fẹ́ da lísìtì méjì tàbí mẹ́ta pọ̀, tàbí tí ẹ fẹ́ ṣe ìṣirò ọjọ́ ìsinmi tí ó ṣẹ́kù fún òṣìṣẹ́, tàbí tí ẹ fẹ́ mú nǹkan wá láti ibòmíràn tí kì í ṣe SharePoint.

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yìí tipẹ́ ń sọ̀rọ̀ nípa C# àti fáìlì .wsp. Kí ló dé tí àwa fi ń kọ TypeScript?

Ọdún 2001 ni SharePoint jáde. Fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, inú sáfà ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí SharePoint wà lórí rẹ̀, ni web part ti ń ṣiṣẹ́: a óò fi èdè kóòdù C# kọ ọ́, a óò dì í sínú fáìlì .wsp, alábòójútó yóò sì fi í sórí sáfà. Agbára ńlá ni èyí, ewu ńlá sì ni pẹ̀lú, nítorí pé kóòdù kan tí kò dára lè mú kí gbogbo sáfà wó lulẹ̀. Nígbà tí Microsoft wá ń gbé sáfà ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ pọ̀ sójú kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò ṣeé ṣe mọ́ láti jẹ́ kí kóòdù àlejò wọ inú rẹ̀. Wọ́n gbìyànjú ọ̀nà kan pẹ̀lú SharePoint 2010, tí ó há kóòdù náà mọ́ àyè kékeré. Wọ́n tún gbé òmíràn wá pẹ̀lú SharePoint 2013, tí a mọ̀ sí add-in, tí ó máa ń ṣí nínú férémù tirẹ̀ láàárín ojúewé.

Oṣù kejì ọdún 2017 ni SharePoint Framework, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní SPFx, jáde fún lílò gbogbogbò, òun ni a sì ń lò títí di òní. Inú bíráúsà ẹni tí ó ń ka ojúewé ni kóòdù SPFx ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ni ó fi jẹ́ JavaScript, èdè kóòdù tí bíráúsà gbọ́, tí àwa sì ń fi TypeScript kọ, èyí tí a máa ń yí padà sí JavaScript. Ní ti add-in, Microsoft kéde ní ọdún 2023 pé ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 2026 ni yóò dáwọ́ iṣẹ́ dúró lórí SharePoint Online, èyí tí Microsoft fúnra rẹ̀ ń gbé ṣiṣẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bí ẹnikẹ́ni bá tún ń fi àkọ́lé add-in kọ́ yín ní kíláàsì, ẹ bi í pé kí ni a fẹ́ fi ṣe.

Ọ̀gá àgbà ń rí gbogbo rẹ̀, èmi náà ń rí i, ṣùgbọ́n àyè òfìfo ni àwọn ará Ìjerò ń rí. Ṣé kóòdù mi ni kò dára ni?

Ó ṣeé ṣe kí kóòdù yín má ní àbùkù kankan. Nígbà tí òṣìṣẹ́ Ìjerò bá ṣí ojúewé náà, kóòdù yóò wá sínú bíráúsà rẹ̀, ibẹ̀ ni yóò sì ti máa béèrè dátà lọ́wọ́ SharePoint lórúkọ òṣìṣẹ́ náà gan-an, kì í ṣe lórúkọ ẹni tí ó kọ ọ́, kì í sì í ṣe lórúkọ ọ̀gá tí ó ní kí a kọ ọ́. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ ni à ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. SharePoint náà, ẹni tí ó rán kóòdù níṣẹ́ ni ó ń wò. Bí òṣìṣẹ́ yẹn kò bá ní àṣẹ láti ka ohun kan nínú lísìtì, SharePoint yóò kàn yọ nǹkan náà kúrò nínú ìdáhùn ni, láì sọ pé òun yọ ọ́. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí òfìfo láì rí àṣìṣe kankan.

Ohun tí ó ń fi èyí pamọ́ fún ẹni tí ń kọ kóòdù ni pé òun fúnra rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí ó ni sáìtì náà, kò sì sí ohun tí ojú rẹ̀ kò tó. Ẹ bẹ alábòójútó kí ó ṣí àkántì kan fún ìdánwò, tí àṣẹ rẹ̀ kò ju kíkà lọ, kí ẹ sì máa fi àkántì yẹn wo iṣẹ́ yín kí ẹ tó sọ pé ó ti parí.

Àwọn tí wọ́n ti kọ C# láyé àtijọ́ yóò sọ pé ọ̀nà wà láti fo ìdènà yìí, òótọ́ sì ni wọ́n sọ nígbà tiwọn: àṣẹ kan wà tí ń jẹ́ RunWithElevatedPrivileges, tí ó ń jẹ́ kí kóòdù ṣiṣẹ́ pẹ̀lú agbára sáfà fúnra rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ nínú SPFx, kò sì lè sí, torí pé ohun tí ó bá wà nínú bíráúsà ènìyàn ti di ti onítọ̀hún. Bí ẹ bá nílò kí òṣìṣẹ́ rí àkópọ̀ ohun tí kò ní àṣẹ láti kà ní kíkún, bí àpẹẹrẹ iye ènìyàn tí wọ́n wà lẹ́nu ìsinmi lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ iṣẹ́ kékeré kan sórí sáfà níbòmíràn, irú bí Azure Function, kí ó ní àṣẹ tirẹ̀, kí ó máa mọ ẹni tí ó ń pè é, kí ó sì máa dá iye náà nìkan padà.

Mo fi owó oṣù sínú lísìtì kan náà, ṣùgbọ́n mi ò jẹ́ kí web part fi hàn. Ṣé ó ti pamọ́ nìyẹn?

Rárá o. SharePoint máa ń fi àṣẹ sórí sáìtì, lísìtì, fódà àti ohun kọ̀ọ̀kan tí ó wà nínú lísìtì, ṣùgbọ́n kì í fi í sórí òpó inú lísìtì. Ẹni tí ó bá lè ka ìlà kan lè ka gbogbo òpó rẹ̀: kò ju kí ó tẹ àdírẹ́sì tí ó ní /_api/web/lists nínú sínú bíráúsà lọ, gbogbo rẹ̀ yóò jáde. Ẹ gbé owó oṣù lọ sínú lísìtì mìíràn tí ẹ̀ka tí ń bójú tó òṣìṣẹ́ nìkan lè ṣí.

Bákan náà ni páswọ́ọ̀dù àti kọ́kọ́rọ́ API, ìyẹn àmì àṣírí tí kóòdù fi ń wọ ètò mìíràn. Ohun tí ẹ bá kọ sínú kóòdù, tàbí tí ẹ bá fi sínú ètò web part ní ẹ̀gbẹ́ ojúewé, ẹnikẹ́ni tí ó bá lè ka ojúewé náà lè rí i.

Ohun kan tún wà tí àwọn alábòójútó kì í sábà mọ̀. Nígbà tí web part yín bá béèrè àṣẹ lórí Microsoft Graph, ọ̀nà tí kóòdù gbà ń ka dátà inú Microsoft 365, ká ní láti ka kàlẹ́ńdà òṣìṣẹ́, tí alábòójútó sì fọwọ́ sí i, kì í ṣe web part yín nìkan ni ó fún láṣẹ. Gbogbo kóòdù SPFx tí ó wà ní ilé-iṣẹ́ náà ni ó lè lo àṣẹ yẹn, tí ó fi mọ́ èyí tí wọ́n bá rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́dún tó ń bọ̀. Nítorí náà, èyí tí ó kéré jù tí ó bá lè ṣe iṣẹ́ ni kí ẹ béèrè.

Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mi. Mo gbé e sínú App Catalog (ibi tí ilé-iṣẹ́ ń kó web part rẹ̀ sí kí ènìyàn lè lò ó), àṣìṣe ni gbogbo ènìyàn sì ń rí àfi èmi. Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé ẹ dì í láì fi --ship kún un, ìyẹn àmì tí ó ń sọ pé gbogbo ènìyàn ni a ń dì í fún. Fáìlì .sppkg (àpò tí a ń di web part sí) tí a bá dì báyẹn yóò máa sọ fún bíráúsà pé kí ó lọ mú kóòdù wá láti localhost, ìyẹn orí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó bá ṣí ojúewé. Lórí tiyín, tí gulp serve (gulp ni irinṣẹ́ tí a fi ń di kóòdù tí a sì fi ń dán an wò) ṣì ń ṣiṣẹ́, yóò rí i. Lórí ti ará Ìkẹ́rẹ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ẹ lo gulp bundle --ship, lẹ́yìn náà gulp package-solution --ship. Àwọn ẹ̀dà tuntun ti fi Heft rọ́pò gulp, --production sì ni wọ́n ń lò dípò --ship.

Bí kóòdù náà kò bá tilẹ̀ ṣeé dì rárá lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ wo ẹ̀dà Node tí ẹ ní, ìyẹn ètò tí irinṣẹ́ wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀dà SPFx kọ̀ọ̀kan ní Node tí ó bá a mu. Ilé-iṣẹ́ tí ó bá ṣì ń lo SharePoint Server 2019, èyí tí ó wà lórí sáfà ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀, kò lè kọjá SPFx 1.4.1, Node 8 tàbí 6 ni ìyẹn sì ń fẹ́. Node tí ẹ bá gbà sílẹ̀ lánàá kò ní bá a ṣe.

Ìbéèrè ìsinmi tí ó wà nínú lísìtì lé ní 300, ṣùgbọ́n 100 ni mo ń rí.

100 ni SharePoint máa ń dá padà bí ẹ kò bá sọ iye tí ẹ ń fẹ́. Ẹ fi $top kún ìbéèrè tí kóòdù yín ń fi ránṣẹ́ sí SharePoint. 5000 ni ó pọ̀ jù lẹ́ẹ̀kan.

5000 yìí kan náà ni yóò tún bá yín jà lọ́jọ́ iwájú, ní ọ̀nà tí ó le ju èyí lọ. Lísìtì kan lórí SharePoint Online lè gba ohun tí ó tó mílíọ̀nù 30, ṣùgbọ́n ìbéèrè tí yóò bá mú kí ó yẹ ohun tí ó ju 5000 wò lẹ́ẹ̀kan ni yóò kọ̀. Nítorí náà, web part tí a fi ìlà díẹ̀ dán wò yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún kan tàbí méjì, yóò sì kú ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ẹ fi àtọ́ka (index, tí ó ń jẹ́ kí SharePoint rí nǹkan láì yẹ gbogbo ìlà wò) sí òpó tí ẹ fi ń yọ nǹkan, irú bí orúkọ òṣìṣẹ́ tàbí ọdún, láti ìgbà tí lísìtì bá ṣì kéré, kí òpó tí ó ní àtọ́ka sì jẹ́ àkọ́kọ́ nínú ohun tí ẹ óò fi yọ nǹkan nínú ìbéèrè kóòdù náà. Lísìtì kan kò gbà ju àtọ́ka 20 lọ, ẹ má fi wọ́n ṣòfò.

Ní Adó ó ń yá, ní Ọ̀mùò ó ń falẹ̀. Ṣé nẹ́tíwọ́ọ̀kì nìkan ni ẹjọ́ rẹ̀?

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ̀bi díẹ̀, ẹ̀yin náà sì jẹ̀bi. Kí web part tó lè fi ohunkóhun hàn, bíráúsà ní láti kọ́kọ́ gba gbogbo kóòdù rẹ̀ wá. Bí ẹ bá kó odindi láíbùrárì (àkójọ kóòdù tí ẹlòmíràn ti kọ sílẹ̀) wọlé nítorí bí ẹ ṣe fẹ́ kọ ọjọ́ oṣù kan péré jáde, òṣìṣẹ́ Ọ̀mùò tí ó ń fi dátà fóònù ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ ni yóò san owó rẹ̀. React, láíbùrárì tí a fi ń ṣe ohun tí ojú ń rí, ti wà lórí ojúewé SharePoint tẹ́lẹ̀. Ẹ má tún dì í mọ́ tiyín. Ẹ mú apá tí ẹ nílò nìkan nínú láíbùrárì, kí ẹ sì fi $select sọ òpó tí ẹ fẹ́, kí SharePoint má baà kó gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́.

Ẹni tí ó kọ web part wa ti lọ sí Kánádà. Fáìlì .sppkg ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ṣé ẹ lè bá wa tún un ṣe láti inú rẹ̀?

Ó ṣòro. Kóòdù tí ó wà nínú .sppkg jẹ́ èyí tí a ti fún pọ̀, tí a ti gé orúkọ rẹ̀ kúrú. Kò jọ èyí tí ènìyàn kọ mọ́. Ọ̀rọ̀ orísun kóòdù, tí ó fi mọ́ fáìlì package-lock.json tí ó ń sọ ẹ̀dà láíbùrárì tí a lò, yẹ kí ó wà nínú àdéhùn kí a tó san owó ìkẹyìn, kí ó sì wà lórí àkántì ilé-iṣẹ́, kì í ṣe ti òṣìṣẹ́.

Bí kò bá sí, tí ẹ sì ní láti tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ wá id rẹ̀ (nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀) nínú manifest àtijọ́, ìyẹn fáìlì tí ó ń ṣàpèjúwe web part, èyí tí ẹ lè rí nínú .sppkg náà bí ẹ bá tú u bíi fáìlì zip, kí ẹ sì fi id kan náà sínú tuntun. Bákan náà ni kí ẹ pa orúkọ àwọn ètò rẹ̀ mọ́ bí wọ́n ti wà. Bí id bá yí padà, àwọn ojúewé tí web part àtijọ́ wà lórí wọn kò ní mọ tuntun. Ẹnìkan yóò ní láti lọ yọ ọ́ kí ó sì fi tuntun sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.