Bí wọ́n ṣe ń mú báàgì fún kámẹ́rà tó ní lẹ́ńsì gígùn

Ohun tó máa ń kó èèyàn sí wàhálà níbi báàgì kámẹ́rà ni pé báàgì ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Wọ́n á rí i lórí fóònù, ó rẹwà, àpò pọ̀ lára ẹ̀, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó gba kámẹ́rà méjì àti lẹ́ńsì mẹ́fà, wọ́n á sanwó, ìgbà tó bá dé ni wọ́n á tó mọ̀ pé lẹ́ńsì mẹ́fà tí wọ́n ń sọ yẹn, àwọn kúkúrú ni, pé èyí tó gùn gbọọrọ ò lè wọlé àfi tí wọ́n bá tú gbogbo nǹkan tí wọ́n fi pín inú báàgì dànù. Ara lẹ́ńsì fúnra ẹ̀ ló yẹ kéèyàn ti bẹ̀rẹ̀, kì í sì í ṣe bó ṣe wà nínú páálí o, bó ṣe máa wà lọ́jọ́ iṣẹ́ ni: ṣé ara kámẹ́rà ló máa wà ni àbí wọ́n máa tú u sọ́tọ̀, ṣé húùdù, ike roboto tó ń dènà ìmọ́lẹ̀ oòrùn, máa wà lẹ́nu ẹ̀, ṣé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń gbé e lé tripod, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, máa wà lára ẹ̀. Ìdáhùn mẹ́ta yìí ló ń mú báàgì fúnni. Orúkọ tí wọ́n kọ sára báàgì ò fi bẹ́ẹ̀ kàn án.

Ẹ jẹ́ ká mú Nikon 200-500mm, lẹ́ńsì tí àwọn tó ń ya ẹyẹ mọ̀ dáadáa (mm yẹn ń sọ bó ṣe ń fa nǹkan tó jìnnà sún mọ́ ni, kì í ṣe gígùn ara ẹ̀). Òun nìkan jẹ́ kílò 2.3, ó sì gùn tó sẹ̀ńtímítà 26.75. Tí wọ́n bá so ó mọ́ Nikon D500, tóun náà jẹ́ gíráàmù 860 pẹ̀lú bátìrì nínú, ó ti lé ní kílò mẹ́ta nìyẹn, gígùn ẹ̀ á sì sún mọ́ 35. Sony 200-600mm gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, 31.8 lòun nìkan, torí pé inú ikùn ẹ̀ ló ti ń súùmù, kì í na ọrùn jáde, kì í sì í ká ọrùn wọlé, bó ṣe gùn nílé náà ló gùn lóko. Fi kámẹ́rà sí i, ó di bíi 40. Tó bá wá jẹ́ àwọn tí owó wọn tó ra mọ́tò, irú Canon EF 600mm f/4 ẹ̀yà kẹta, sẹ̀ńtímítà 44.8 lòun nìkan, ìbú ẹ̀ 16.8, ìyẹn ti kúrò ní báàgì tí èèyàn kàn máa rà ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n Canon RF 100-500mm ò ju 20.8 lọ tí ọrùn ẹ̀ bá ti wọlé, báàgì èjìká lásán lè gbà á. Gbogbo wọn yìí lẹ́ńsì gígùn ni o, ẹ sì rí i pé báàgì ọ̀kan ò lè bá èkejì mu, ẹni tó bá ní “mo fẹ́ báàgì fún lẹ́ńsì gígùn” ò tíì sọ nǹkan kan fún ẹni tó ń tà á.

Tẹ́ẹ̀pù tí télọ̀ fi ń wọn aṣọ ti tó fún wíwọ̀n ẹ̀. So lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà, yí húùdù padà sẹ́yìn bó ṣe máa ń wà tí wọ́n bá ń gbé e rìn, kí o wá wọ̀n ọ́n láti ẹnu lẹ́ńsì dé ibi tí ojú máa ń wò lẹ́yìn kámẹ́rà. Ìyẹn ni gígùn. Ibi ìbú ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣì í, torí húùdù tí wọ́n yí padà máa ń jẹ́ kí lẹ́ńsì sanra sí i ní sẹ̀ńtímítà méjì tàbí mẹ́ta, ẹsẹ̀ tripod yẹn sì wà níbẹ̀, ó yọ síta gọn-ọn, òun gan-an ni kì í jẹ́ kí síìpù pa dé. Lẹ́ńsì tí ìbú ẹ̀ jẹ́ 11 lè béèrè àyè 15 tàbí 16 tí ẹsẹ̀ ẹ̀ bá dojú kọ òkè. Kò sì le láti tún un ṣe: tú ìdè òrùka tó so ẹsẹ̀ yẹn mọ́ lẹ́ńsì díẹ̀, yí ẹsẹ̀ yẹn kó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí o tún un dè, àyè á wá sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn kan wà tí ẹsẹ̀ wọn ń yọ pátápátá, ti Sony 200-600mm yẹn wà lára wọn. Tí ẹ bá wá ń ka ìwọ̀n báàgì, inú ni kí ẹ kà o, kì í ṣe ìta, torí fóòmù tó wà lára ògiri báàgì máa ń jẹ bíi sẹ̀ńtímítà kan sí méjì lápá ọ̀tún, ó tún jẹ ẹ́ lápá òsì.

Ọ̀rọ̀ pé ká so ó mọ́ra àbí ká tú u ló wá kàn. Tó bá jẹ́ ẹyẹ ni wọ́n ń yà, bíi nínú igbó IITA, ilé iṣẹ́ ìwádìí ọ̀gbìn n'Ìbàdàn, níbi tí àwọn èèyàn ti ń wá Ibadan Malimbe, ẹyẹ tó jẹ́ pé gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ló wà ní gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó máa láǹfààní láti jókòó kó máa so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà. Kó tó so ó tán ẹyẹ ti lọ. Síso lẹ́ńsì níta gbangba tún máa ń jẹ́ kí eruku wọnú kámẹ́rà, tó bá wá jẹ́ ìgbà ọyẹ́, ká má tilẹ̀ sọ ọ́. Torí náà báàgì ẹlẹ́yẹ gbọ́dọ̀ gbà á ní síso. Ẹni tó ń lọ ya bọ́ọ̀lù ní pápá Ìkẹ́nnẹ́ ò ní irú wàhálà yẹn, ó máa débẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, ó máa so ó, á gbé e lé igi ẹlẹ́sẹ̀ kan, kò sì ní dá a padà sínú báàgì títí wọ́n á fi fọn fèrè ìparí, báàgì kúkúrú tó gbà á ní títú ti tó o.

Síso náà ní bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Lẹ́ńsì Nikon 200-500mm yẹn wúwo ju kámẹ́rà D500 lọ ní ìlọ́po méjì àtààbọ̀, òrùka irin kan ṣoṣo ló sì so wọ́n pọ̀. Tí wọ́n bá tẹ́ báàgì sílẹ̀, fóòmù ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé lẹ́ńsì, kó sì gbé kámẹ́rà, tí ọ̀kan bá wà lórí fóòmù tí èkejì sì rọ̀ sínú òfìfo, òrùka yẹn ló ń jìyà ní gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá já sí kòtò. Ibi tí àwọn ìpín inú báàgì ti wúlò nìyẹn, wọ́n lè ká ọ̀kan kékeré sábẹ́ kámẹ́rà kó fi gbé e dọ́gba. Tí báàgì bá sì dúró lóòró, bó ṣe máa ń wà lẹ́yìn èèyàn, kí kámẹ́rà wà lókè, kí ẹnu lẹ́ńsì wà nísàlẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé gíráàmù 860 tó jókòó sórí lẹ́ńsì ò ṣe nǹkan kan fún un, ṣùgbọ́n kílò 2.3 tó jókòó sórí kámẹ́rà á máa tẹ ojú gíláàsì ẹ̀yìn ẹ̀ mọ́lẹ̀. Yàtọ̀ síyẹn, tí wọ́n bá ṣí i látòkè, ibi ìdìmú ni ọwọ́ máa kọ́kọ́ bà. Fún lẹ́ńsì tó ń na ọrùn, bọ́tìnnì kan máa ń wà lára ẹ̀ tí wọ́n fi ń tì í pa, kí wọ́n tì í kó tó wọlé. Tí wọ́n bá sì ń fà á jáde, ẹsẹ̀ tripod yẹn tàbí ikùn lẹ́ńsì ni kí wọ́n dì mú, kì í ṣe kámẹ́rà nìkan.

Nínú oríṣi báàgì, ti ẹ̀yìn ló wọ́pọ̀ jù, òun náà ló sì yẹ fún ìrìn gígùn. Ti èjìká kan ò burú fún wákàtí kan, lẹ́yìn ìyẹn ọrùn á máa pariwo. Ọ̀kan wà tó rí gbọọrọ bí apó ọdẹ, tí lẹ́ńsì máa ń fi ẹnu wọlé sísàlẹ̀, ó yá láti fà á yọ, àmọ́ kò gba nǹkan míì, ibi tí wọ́n fẹ́ fi omi mímu sí gan-an ò sí. Lowepro ń ṣe Lens Trekker 600 fún 600mm f/4 pẹ̀lú kámẹ́rà lára ẹ̀, irú báàgì bẹ́ẹ̀ dáa, ṣùgbọ́n ẹni tí lẹ́ńsì ẹ̀ ò ju 200-500mm lọ tó lọ ra á, lẹ́ńsì ẹ̀ á kàn máa yí gbirigbiri nínú ẹ̀ ni.

Níbi báàgì ẹ̀yìn, bẹ́líìtì ìbàdí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bẹ́líìtì tó ní fóòmù, tó di orí eegun ìbàdí mú dáadáa, ló máa ń gba ẹrù lọ́wọ́ èjìká, tó bá jẹ́ okùn tín-ín-rín lásán ni wọ́n fi síbẹ̀, kì í gbé nǹkan kan, ó kàn ń jẹ́ kí báàgì má fì ni. Ẹni tí ẹ̀yìn ẹ̀ gùn tó ra báàgì kúkúrú, ikùn ni bẹ́líìtì á bá a, kò ní ráhùn tán. Nǹkan tó wúwo jù gbọ́dọ̀ sún mọ́ ẹ̀yìn, kó má lọ jókòó sí ojú báàgì lápá ìta.

Ibi tí báàgì ti ń ṣí náà ṣe pàtàkì. Àwọn kan ń ṣí láti iwájú, àwọn kan láti apá tó kan ẹ̀yìn èèyàn. Èyí tó ń ṣí láti ẹ̀yìn dáa púpọ̀ fún ìlú bí Èkó, torí tí èèyàn bá gbé e kọ́ ẹ̀yìn ní Oshòdì, kò sẹ́ni tó lè rọra fa síìpù lẹ́yìn ẹ̀, tí wọ́n bá sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀, ojú báàgì ló máa dọ̀tí, apá tó máa kan aṣọ ò ní dọ̀tí. Nínú dáńfó kí wọ́n gbé e lé itan, kí kọ̀ńdọ́ tó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jù ú sí búùtù.

Bàálù wá ni ọ̀gá wàhálà. Ìwọ̀n tí IATA, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ bàálù lágbàáyé, dábàá fún báàgì ọwọ́ ni sẹ̀ńtímítà 56 × 45 × 25, ilé iṣẹ́ bàálù kọ̀ọ̀kan ló sì ń ṣe tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ò gbà ju kílò méje lọ. Báàgì òfìfo tó dáa lè jẹ́ kílò méjì sí mẹ́ta, ẹ fi kámẹ́rà àti lẹ́ńsì kílò mẹ́ta sí i, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún un. Àpótí líle Pelican 1510, tí ìwọ̀n ẹ̀ bá ti IATA mu, tó sì lágbára gan-an, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 6.2 pẹ̀lú fóòmù ẹ̀ kí wọ́n tó fi ohunkóhun sínú ẹ̀, ẹ ṣírò ìyókù fúnra yín. Bàálù kékeré bí ATR 72 tàbí Embraer 145 tó ń fò láàrin ìlú, àpótí orí wọn ò gba báàgì ńlá, wọ́n lè gbà á lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n sọ ọ́ sísàlẹ̀. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n yọ kámẹ́rà àti lẹ́ńsì, kí wọ́n gbé e kọ́rùn, báàgì lè lọ. Bátìrì tí kò sí nínú kámẹ́rà ò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ rárá, òfin ni, ọwọ́ èèyàn ló gbọ́dọ̀ wà, kí ẹnu irin ẹ̀ sì wà ní bíbò.

Òjò àti ọ̀rinrin ò ṣeé fojú fo. Aṣọ òjò tó ń wà lábẹ́ báàgì wúlò, àmọ́ ọ̀pọ̀ báàgì olówó kékeré ò ní in, láílọ́ọ̀nù ńlá kan nínú àpò á ràn wọ́n lọ́wọ́. Nǹkan tí báàgì ń ṣe tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé ó ń dènà kí gíláàsì làágùn: tí wọ́n bá jáde nínú mọ́tò tí AC ti fẹ́ gan-an bọ́ sínú ooru òwúrọ̀ Lẹ́kì, kí báàgì wà ní pípa dé fún bíi ogún sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí lẹ́ńsì lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú ẹ̀, ẹni tó bá yára ṣí i, ìkùukùu ló máa yà. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá délé, kí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ jáde. Fóòmù máa ń fa omi sára, inú báàgì ṣókùnkùn, ọ̀rinrin tó bá ti ń ju bíi 60% lọ fún ìgbà pípẹ́ sì ń jẹ́ kí fọ́ńgọ́ọ̀sì hù sínú gíláàsì, nǹkan funfun tín-ín-rín kan tí owó àtúnṣe ẹ̀ kì í kéré. Nígbà òjò lọ́dọ̀ wa, òwúrọ̀ míì ń lé ní 80%. Rọ́bà tí ìdérí ẹ̀ pa dé pinpin àti silica gel, irú àpò kékeré tó ń wà nínú páálí bàtà tuntun, ni kí lẹ́ńsì máa sùn sí. Ẹ má da ìrẹsì sí i o, ìyẹ̀fun ẹ̀ ló máa bá yín jókòó sínú súùmù.

Tí wọ́n bá fẹ́ rà á ní ṣọ́ọ̀bù, yálà ní Computer Village n'Íkẹjà tàbí ibòmíì, kí wọ́n gbé kámẹ́rà àti lẹ́ńsì dání, kí wọ́n kó wọn bọ inú ẹ̀ bó ṣe máa wà gan-an, kí síìpù pa dé láìjẹ́ pé wọ́n ń fipá tì í. Kí wọ́n gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kí wọ́n de bẹ́líìtì, kí wọ́n rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká, ẹni tó ń tà á lè máa bínú, kò kan yín. Kí wọ́n gbọ̀n ọ́n díẹ̀: tí wọ́n bá gbọ́ ohun tó ń kan ara wọn, ìpín inú ẹ̀ ò tò dáadáa. Kí wọ́n tún ya Velcro ẹ̀ gbọ́, torí ariwo rààà yẹn nìkan ti tó láti lé gbogbo ẹyẹ tó wà lórí igi kan lọ.