Bí Rọ́kẹ́ẹ̀tì Pépà Àtijọ́ Ṣe Ń Padà Sójú Ọ̀run

Ní ọdún 1958, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, Vern Estes ṣe ẹ̀rọ kan tó ń ki ẹ̀tù sínú ọ̀pá pépà kéékèèké, kí wọ́n lè di ẹ́ńjìn rọ́kẹ́ẹ̀tì àfiṣeré. Mabel ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà. Ẹ́ńjìn tó wọ́pọ̀ jù lọ fẹ̀ ní mìlímítà 18, ó sì gùn ní 70. Ìwọ̀n yìí ni ilé iṣẹ́ Estes ṣì ń lò títí dòní, òun ló sì jẹ́ kí àtúnṣe rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ṣeé ṣe: Alpha, ìyẹn ọ̀kan lára rọ́kẹ́ẹ̀tì àfiṣeré Estes, tí ọmọdé kan tò pọ̀ ní nǹkan bí 55 ọdún sẹ́yìn á gba ẹ́ńjìn tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí, á sì wọ̀ ọ́ rẹ́gí.

Ẹ́ńjìn tuntun ni o. Èyí tó ti wà nínú páálí látijọ́, a kì í tàn án. Ooru àti òtútù ọdún gbọọrọ máa ń mú kí ẹ̀tù inú rẹ̀ sán, tàbí kó ṣí kúrò lára pépà. Iná á gba ojú ibi tó sán yẹn wọlé, ẹ̀tù tó yẹ kó máa jó díẹ̀díẹ̀ á gbiná pọ̀ lẹ́ẹ̀kan, rọ́kẹ́ẹ̀tì á sì fọ́ yángá.

Ká mú ẹ́ńjìn tí wọ́n kọ C6-5 sí lára. C ń sọ bí agbára rẹ̀ lápapọ̀ ṣe tó, 6 ń sọ bó ṣe ń tì sí ní newton, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn agbára títì, 5 sì ni ìṣẹ́jú àáyá tó máa fi dúró lẹ́yìn tí ẹ̀tù bá jó tán. Lẹ́yìn ìdúró yẹn, ẹ̀tù díẹ̀ tó kù lókè á bú síwájú, á ti imú rọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò, páráṣúùtì á sì jáde.

Ibí yìí gan-an ni rọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ti ń kú. Okùn rọ́bà ló so imú mọ́ ara, rọ́bà ọ̀hún ló sì kọ́kọ́ ń gbó. Ó lè dà bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é, ṣùgbọ́n tí a bá fà á díẹ̀, á rún sí wa lọ́wọ́ bíi burẹ́dì gbígbẹ. Bó bá já lófuurufú, páráṣúùtì á bá imú lọ, ara á sì já bọ́ bí òkò. Okùn Kevlar, ìyẹn òwú àtọwọ́dá tó lágbára gan-an, ni a fi ń rọ́pò rẹ̀, nítorí iná kì í tètè jẹ ẹ́. A ó so ó mọ́ ilé ẹ́ńjìn nínú lọ́hùn-ún, a ó wá so rọ́bà ìdí ṣòkòtò tí àwọn télọ̀ ń lò mọ́ ọn lókè.

Páráṣúùtì ọ̀rá tó ti wà ní kíká látọjọ́ pípẹ́ máa ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹ rọra ṣí i, kí ẹ fi páúdà pa á. Bó bá ti ya, ẹ gé òmíràn.

Ìyẹ́ rẹ̀, igi balsa tó fúyẹ́ gan-an ni. Ẹ fi ìka ti ọ̀kọ̀ọ̀kan: èyí tó bá mì, gúlúù rẹ̀ ti kú, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tún un lẹ̀. Bó bá jẹ́ tuntun lẹ máa gé, kí ojú igi máa bá etí ìyẹ́ iwájú lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, atẹ́gùn á ya á. Ọ̀dà àtijọ́ tí kò ṣí, ó sàn ká fi í sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọ tó kùn ún ṣì wà lára rẹ̀. Ọ̀dà tuntun sì ní ìwọ̀n tirẹ̀, pàápàá lórí ìyẹ́. Bíi ọfà ni rọ́kẹ́ẹ̀tì rí: irin wà níwájú, ìyẹ́ wà lẹ́yìn, bí ẹ̀yìn bá wúwo jù, á máa ta gìẹ̀gìẹ̀. Láti dán an wò, ẹ ki ẹ́ńjìn sí i, ẹ so okùn mọ́ ibi tí kò ti tẹ̀ síhìn-ín tàbí sọ́hùn-ún, kí ẹ wá máa fì í yípo lókè orí. Bí imú bá ń ṣáájú, ó ti ṣe tán. Bí kò bá ṣáájú, ẹ fi amọ̀ díẹ̀ sínú imú.

Ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 90 ló máa tọ́ ọ sọ́nà. Bátìrì la fi ń tanná sí i, kì í ṣe ìṣáná, èèyàn á sì jìnnà sí i tó mítà 5. Fún ìfò àkọ́kọ́, ẹ́ńjìn kékeré bíi A8-3 ló dára: kò ní ga jù, a ó sì lè fojú ara wa rí i bóyá okùn tuntun yẹn dì í mú.