Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é, ẹ̀dọ̀ náà ló ń kó o kúrò

Bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá fi hàn pé kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù, ìyẹn irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀, pọ̀ jù, ẹyin àti ṣàkì ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù ní Iléṣà. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń ṣe púpọ̀ nínú ọ̀rá yìí, nítorí òun ló fi ń ṣe òróòro tó ń bá wa da oúnjẹ ọlọ́ràá. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LDL ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Tó bá pọ̀ jù, á máa dì mọ́ ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ́dọọdún láìro onítọ̀hún lára, títí ẹ̀jẹ̀ ò fi ní ráyè dé ọkàn tàbí ọpọlọ mọ́.

Oògùn tí dókítà sábà máa ń kọ ni sítátìn, bíi atorvastatin àti rosuvastatin. Kì í fọ ẹ̀jẹ̀ bí ọṣẹ ṣe ń fọ abọ́. Inú ẹ̀dọ̀ ló ti ń dí iṣẹ́ ṣíṣe ọ̀rá yìí lọ́wọ́. Nígbà tí tirẹ̀ ò bá tó o mọ́, ẹ̀dọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí fa LDL wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀. LDL lè tipa bẹ́ẹ̀ fi ìdá 30 sí 50 nínú 100 dín kù. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dá oògùn dúró, ẹ̀dọ̀ á padà sẹ́nu iṣẹ́. Èsì tó dáa fi hàn pé oògùn ń ṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe pé ìṣòro náà ti tán.

Ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀ kan náà ni ẹ̀wà ń gbà ṣiṣẹ́. Fọ́nrán inú rẹ̀, ìyẹn apá tí ara kì í lè dà, máa ń di òróòro mú nínú ìfun, á bá ìgbẹ́ jáde, ẹ̀dọ̀ á sì tún fa ọ̀rá láti fi ṣe òmíràn. Gbẹ̀gìrì dáa nítorí èyí. Epo tí wọ́n ń dà lé e ló yẹ kí wọ́n ṣọ́. Epo pupa kò ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù rárá, àmọ́ nǹkan bí ìdajì rẹ̀ jẹ́ irú ọ̀rá tí kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ fa LDL dáadáa. Òróró ẹ̀pà sàn jù ú lọ. Kí sìgá kúrò ńlẹ̀ pátápátá, kí èèyàn sì máa rìn kíákíá fún 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀.

Kí oògùn tó bẹ̀rẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ gbọ́ nípa oyún, àìsàn ẹ̀dọ̀, àwọn oògùn mìíràn, àti àgbo pẹ̀lú. Kò sí ìtìjú nínú dídárúkọ àgbo. Bí iṣan ara bá ń ro èèyàn gidigidi, tí ìtọ̀ sì dúdú, ọjọ́ yẹn gan-an ni kó dé ilé ìwòsàn. Bí kò bá sí èyí, láàárín ọ̀sẹ̀ 4 sí 12 ni wọ́n máa ń tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ìwọ̀n oògùn náà tó.