Ìdájọ́ Jáde, Wọ́n Ti Iléèwé Pa

Ohun tí àwọn oníbàárà máa ń bi èmi agbẹjọ́rò jù, nígbà tí a bá jàre, ni pé: “Ṣé ó ti parí nìyẹn?” Bó bá jẹ́ ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọgbọọgba ni, ó ṣọ̀wọ́n kó parí níbẹ̀.

Ẹ wo Prince Edward, ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Virginia, l'Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1951, Barbara Johns, ọmọ ọdún 16, kó àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jáde ní kíláàsì, nítorí iléèwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú kún débi pé inú ahéré ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn kan. Ẹjọ́ tó tìdí ẹ̀ yọ wà lára márùn-ún tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá pọ̀, tí wọ́n pè ní Brown v. Board of Education. Lóṣù Karùn-ún ọdún 1954, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò: yíya iléèwé ìjọba sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ lòdì sófin.

Ìgbà wo ni kí wọ́n ṣíwọ́? Ìdájọ́ yẹn ò sọ. Lọ́dún 1955, ilé ẹjọ́ kan náà ní kí wọ́n yára ṣe é, àmọ́ kí wọ́n fara balẹ̀. Lójú tèmi, ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọjọ́ falẹ̀, “fara balẹ̀” ló máa dì mú. Prince Edward fà á títí di 1959. Nígbà tí ilé ẹjọ́ ní kò sí ìdádúró mọ́, wọ́n kọ̀ láti yọ owó fún iléèwé ìjọba kankan, wọ́n sì ti gbogbo ẹ̀ pa fún ọdún márùn-ún. Wọ́n dá iléèwé aládàáni sílẹ̀ fáwọn ọmọ aláwọ̀ funfun. Ọ̀pọ̀ ọmọ aláwọ̀ dúdú jókòó sílé. Ìdájọ́ mìíràn, lọ́dún 1964, ló ṣílẹ̀kùn.

Àwọn kan bínú nígbà náà, a ṣì ń gbọ́ ọ dòní: ta ló dìbò yan adájọ́ mẹ́sàn-án tó ń yí ohun táwọn aráàlú fẹ́ padà? Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n títí di 1966 ni Virginia ń gbowó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dìbò nínú ìdìbò ìpínlẹ̀, ilé ẹjọ́ ló sì fòpin sí i. Ìbò wo ni òbí tí kò rí owó yẹn san ì bá fi ṣí iléèwé ọmọ rẹ̀?

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ ìdájọ́ ńlá, ẹ bi agbẹjọ́rò yín léèrè: ọjọ́ wo ni wọ́n dá, ta ni wọ́n pàṣẹ fún, ta ló sì máa yọ owó?