Ẹ̀sùn Ìdìtẹ̀ Tí Kò Lẹ́sẹ̀ Nílẹ̀: Ẹjọ́ Copeland àti Green ní Virginia

Gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò, ìbéèrè kan wà tí àwọn tí kò kọ́ òfin máa ń bi mí nígbà tí ọ̀rọ̀ oko ẹrú Amẹ́ríkà bá délẹ̀: kí ló lè mú ọkùnrin dúdú tí kì í ṣe ẹrú ẹnikẹ́ni gbé ìbọn nítorí àwọn tó wà lóko ẹrú? Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yẹ òmìnira tó ní wò. Lábẹ́ òfin ọdún 1850 lórí ẹrú tó bá sá, bí ẹnìkan bá fẹ̀sùn kan ọkùnrin dúdú pé ẹrú òun ni, wọn kì í gba ẹ̀rí lẹ́nu ẹni tí wọ́n mú, kò sì sí ará ìlú kankan tí yóò jókòó láti wọn ọ̀rọ̀ náà wò. Kọmíṣọ́nà tó gbọ́ ẹjọ́ náà a gba dọ́là 10 bó bá dá a padà fún olówó rẹ̀, dọ́là 5 péré bó bá tú u sílẹ̀. Ọmọ-bíbí tí wọ́n ṣì mú kò ní ẹnu tí yóò fi sọ pé ọmọ ni òun.

Ní 1857, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tún dájọ́ nínú ọ̀ràn Dred Scott, ẹrú kan tó pẹjọ́ láti gba òmìnira, pé kò sí ọmọ ìran Áfíríkà, ìbáà jẹ́ ẹrú, ìbáà jẹ́ ọmọ, tó lè jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá, John Brown, tó jẹ́ òyìnbó, kó ogun wọ Harpers Ferry ní Virginia, níbi tí ìjọba ń kó ohun ìjà sí, láti tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Márùn-ún nínú àwọn 21 tó tẹ̀ lé e jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Osborne Anderson ń ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Chatham, ní Kánádà. Lewis Leary ń rán gàárì ẹṣin. John Copeland, káfíńtà láti ìlú Oberlin ní Ohio, ti wà lára àwọn tó gba John Price, ẹrú kan tó sá, lọ́wọ́ àwọn amúnilẹ́rú ní 1858. Shields Green ní tirẹ̀ ṣì jẹ́ ẹrú tó sá lójú òfin. Ti Dangerfield Newby ló máa ń dùn mí jù: òun ti gba òmìnira, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ṣì wà lóko ẹrú ní Virginia, obìnrin náà sì ń kọ lẹ́tà sí i pé kó tètè wá rà òun padà kí olówó òun tó tà òun. Newby ló kọ́kọ́ kú nínú ọmọ ogun Brown.

Wọ́n mú Copeland àti Green láàyè, wọ́n sì fẹ̀sùn ìdìtẹ̀ sí ìpínlẹ̀ Virginia, ìpànìyàn àti rírú ẹrú sókè kàn wọ́n. Ibí yìí ni òfin ti dùn. Agbẹjọ́rò wọn, George Sennott, ní ẹni tó jẹ ìlú ní gbèsè ìṣòtítọ́ nìkan ló lè dalẹ̀ ìlú. Bí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ bá ti ní aláwọ̀ dúdú kì í ṣe ọmọ ìlú, ìlú wo ni wọ́n wá dà? Wọ́n ní ọbẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, ó gbẹ́ ẹ. Ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ wọ́lẹ̀.

Àwọn ẹ̀sùn yòókù kò wọ́lẹ̀. Wọ́n so àwọn méjèèjì kọ́ ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ní Winchester sì gbé òkú wọn lọ láti fi kọ́ṣẹ́. Nígbà tí ọ̀jọ̀gbọ́n James Monroe lọ láti Oberlin kó lè bá àwọn òbí Copeland gbé òkú ọmọ wọn wálé, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà kọ̀, ó sì padà lọ́wọ́ òfo.