Níbo ni timeout inú test ti wá gan-an, ìyẹn iye àkókò tá a máa fún test (prógráàmù kékeré tó ń yẹ prógráàmù míì wò) ká tó sọ pé ó ti kùnà?

Tẹ́ ẹ bá bi àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà léèrè, àwọn kan lè ní Alan Turing, onímọ̀ ìṣirò ará Britain, ni, torí lọ́dún 1936 ló fi hàn pé kò sí ọgbọ́n tó lè wo gbogbo prógráàmù kó sọ èyí tó máa parí àtèyí tí ò ní parí láé. Ó dáa, òótọ́ ni. Àmọ́ ìyẹn kàn jẹ́ ká mọ̀ pé ó yẹ ká jáwọ́ nígbà kan ni, kò sọ bó ṣe yẹ ká dúró pẹ́ tó.

Èmi ò tiẹ̀ gbà pé inú kọ̀ǹpútà ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ́ ẹ rántí báwọn ìyá wa ṣe ń rán wa níṣẹ́, wọ́n á tutọ́ sílẹ̀, wọ́n á ní "kí itọ́ yìí tó gbẹ kó o ti dé"? Timeout nìyẹn o! Ẹ wá wò ó, lásìkò ọyẹ́, o ò tíì dé ẹnu ọ̀nà tó ti gbẹ, àmọ́ nígbà òjò o lè ra iyọ̀, kó o dúró wo àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù, kó o sì padà bá a ní tútù. Iṣẹ́ kan náà, itọ́ kan náà, ojú ọjọ́ ló yàtọ̀. Ohun tó ń bá test fínra náà nìyẹn, á yege lórí laptop ẹ, tó bá dé orí sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà àjùmọ̀lò, táwọn ẹlòmíì ń bá a du àyè á fìdí rẹmi.

Ẹni tó wá fi ọgbọ́n sí timeout, Van Jacobson ni, onímọ̀ nípa bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀, ẹ má jẹ́ kẹ́nì kan tàn yín. Ní October 1986, láàárín Lawrence Berkeley Laboratory àti yunifásítì Berkeley, tí ò ju nǹkan bí 400 yáàdì síra, ìsọfúnni tó ń kọjá já wálẹ̀ láti 32,000 bit (ìwọ̀n ìsọfúnni tó kéré jù lọ) ní sẹ́kọ́ńdì kan sí 40. Ogójì péré! Lára ohun tó fà á ni pé àwọn ẹ̀rọ ò ní sùúrù, wọ́n rò pé ohun táwọn fi ránṣẹ́ ti sọnù, wọ́n bá tún un fi ránṣẹ́, ọ̀nà tó ti dí tẹ́lẹ̀ tún wá dí sí i. Òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1981 nípa bí kọ̀ǹpútà á ṣe máa fi ìsọfúnni ránṣẹ́ síra ni wọ́n ń lò: wọn iye àkókò tí èsì sábà máa ń gbà kó tó dé, kó o sọ ọ́ di bí ìlọ́po méjì, ìyẹn ni wàá fi dúró. Jacobson ní kò tó, wọn bó ṣe ń ṣe ségesège náà. Òfin tó wà nílẹ̀ dòní ni: iye àkókò tó sábà máa ń gbà, fi ìlọ́po mẹ́rin ségesège ẹ̀ kún un.

Àwọn onítest dé, wọn ò mú ìyẹn. Ẹ wo àwọn irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ṣe test: JUnit 4 gbé timeout wọlé ní 2006, Mocha ní sẹ́kọ́ńdì 2, Jest ní sẹ́kọ́ńdì 5, Playwright sẹ́kọ́ńdì 30, Go ìṣẹ́jú 10, Bazel sẹ́kọ́ńdì 60, 300, 900 tàbí 3,600, bí test bá ṣe tóbi tó. Nọ́ńbà rògbòdò rògbòdò ṣáá, ta ló wọn test tìẹ kó tó fún ẹ ní 5?

Níbi kan tí mo ti ṣiṣẹ́, test wa kan ní timeout sẹ́kọ́ńdì 2, ọ̀sán ọ̀sán ló ń kú. Ẹ̀gbọ́n kan bá sọ ọ́ di ìṣẹ́jú 10, ọjọ́ tó wá há lóòótọ́, gbogbo wa jókòó tì í bí ẹni tó ń dúró de iná. Mo padà lọ wo bó ṣe sáré nígbà àádọ́ta, èyí tó pẹ́ jù gba sẹ́kọ́ńdì 3, mo fún un ní 8.