Omi Tó Ń Sun Lára Edé Inú Fíríìsà

Oníbàárà mi kan gbé abọ́ wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù ní Lágéré, ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ wá wo edé tí ẹ tà fún mi." Mo wò ó. Edé ti rọ̀ bí ẹ̀kọ tí ò dì, orí ẹ̀ ti dúdú, omi pupa rúsúrúsú kan sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ìdajì abọ́. Mo bi í pé báwo ló ṣe tọ́jú ẹ̀. Ó ní ọ̀rá tí mo fi dì í fún òun náà lòun tì sáàárín ẹran nínú fíríìsà. Kílò márùn-ún nínú ọ̀rá kan! Mi ò bá a jà, torí èmi náà ṣe é rí nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ òwò. Kílò mẹ́wàá ni tèmi. Alẹ́ ni mo kó o sí i. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ẹ̀ le bí òkúta, ṣùgbọ́n mo ti ọ̀bẹ bọ àárín ẹ̀, ó wọlé wẹ́rẹ́.

Omi ló pọ̀ jù nínú ẹran edé, ó tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Láàárín -1°C sí -5°C ni èyí tó pọ̀ jù nínú omi yìí ti ń di yìnyín. Bí edé bá pẹ́ níbẹ̀, yìnyín á ráyè dàgbà, á di wóró ńlá tó ní ṣóńṣó, á máa gún ẹran láti inú. Bó bá yára kọjá níbẹ̀, wóró á kéré, ẹran ò sì ní fi bẹ́ẹ̀ ya. Ẹ ò lè fojú rí i nígbà tó bá ṣì dì gbagidi. Ìgbà tó bá yọ́ ni omi á máa sun láti ojú ibi tí yìnyín gún, adùn á sì bá a jáde.

Ìdí nìyẹn tí àwọn iléeṣẹ́ ńlá fi ń fẹ́ atẹ́gùn tó tutù tó -30°C tàbí -40°C lu edé, tí wọ́n ń dì í lọ́kọ̀ọ̀kan kó má lẹ̀ pọ̀. Tó bá dì tán, wọ́n á rì í bọ omi tútù fìrí, omi yẹn á dì mọ́ ọn lára fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà fà á gbẹ. (Àwọn kan ń rì í léraléra kó lè wúwo lórí òṣùwọ̀n. Ẹ máa wo bí èèpo yìnyín yẹn ṣe nípọn tó, kẹ́ ẹ má máa fowó edé ra omi.)

Fíríìsà ilé tiwa, -18°C ló sábà ń dé, ìyẹn bí iná bá dúró. Ó dára fún ìpamọ́, àmọ́ kò lágbára láti yára dì nǹkan tó pọ̀. Àwa la máa ràn án lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ gé orí edé, torí inú orí ni ohun tó ń jẹ́ kó dúdú, tó sì ń rọ ẹran ẹ̀, pọ̀ sí. Òtútù kàn ń dá a dúró ni, kì í pa á. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó ro dáadáa, ẹ tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sínú ọ̀rá kéékèèké, kó má nípọn ju ìka kan lọ, kẹ́ ẹ tẹ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ jáde. Ẹ fi í ti ara ògiri fíríìsà. Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà.

Akàn, ẹ bọ̀ ọ́ kẹ́ ẹ tó dì í. Ìgbín ò ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀. Ó le tẹ́lẹ̀, ẹ ṣáà fọ omi ara ẹ̀ kúrò.

Ọ̀rọ̀ iná wá kù. Èyí ló ń bà wá jẹ́ ní Ifẹ̀ níbí jù. Bí iná bá lọ, tí edé yọ́ díẹ̀, tí iná wá dé tó tún dì, àwọn wóró kéékèèké á para pọ̀ di ńlá. Edé tí wọ́n fi ẹ̀rọ olówó ńlá dì náà á wá rí bí èyí tí mo kó kílò mẹ́wàá ẹ̀ sínú ọ̀rá. Bẹ́ ẹ bá rí yìnyín wínníwínní nínú ọ̀rá, ó ti yọ́ rí nìyẹn, tàbí kí òtútù ibi tó wà má dúró sójú kan. Bó bá ní ojú funfun gbígbẹ, afẹ́fẹ́ ló fà á. Kò lè pa yín, àmọ́ bíi páálí ló máa rí lẹ́nu. Bí iná bá lọ, ẹ má ṣí fíríìsà wò.

Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yọ́ ọ, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì mọ́jú, tàbí kẹ́ ẹ dẹnu ọ̀rá pinpin, kẹ́ ẹ rì í sómi tútù. Ẹ má fi í sórí tábìlì lọ́sàn-án. Òtútù ò pa gbogbo kòkòrò àìfojúrí inú ẹ̀, oorun ni wọ́n kàn ń sùn. Èmi kì í tilẹ̀ yọ́ tèmi bó bá jẹ́ ẹ̀fọ́ ni mo fẹ́ rò. Bó ṣe dì ni mo máa ń dà á sínú ata tó ń hó, omi tó bá sì sun jáde, inú ìkòkò náà ló ń sun sí.